Kọ́kọ́rọ́ Tí Dympna Yá

Ìṣó kan wà lára fèrèsé ilé Attracta Gilboy ní Kilfannan, kọ́kọ́rọ́ kan ló sì máa ń wà lára ìṣó yẹn. Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ tí èèyàn ń jù sápò o. Irin ni, ó gùn tó apá ọmọ ọdún mẹ́ta, ó sì wúwo débi pé bí o bá sọ ọ́ lu ajá lẹ́ẹ̀kan, ajá yẹn ò ní gbó mọ́ láyé. Kọ́kọ́rọ́ géètì Fannan Mímọ́ nìyẹn. Inú géètì yẹn ni ilé àwọn mọ́ńkì tó ti wó wà, àti ilé-ìṣọ́ olókùúta gàgàrà tí àrá gé lórí, àti kànga, àti àwọn òkú ìlú. Òdìkejì ọ̀nà gan-an ni ilé Attracta. Ẹni tó bá fẹ́ wọbẹ̀, ilẹ̀kùn Attracta ló máa kàn.

Wọ́n sì ń kàn án o! Wọ́n ń kàn án tó bá ń jẹun, wọ́n ń kàn án tó bá ń wẹ̀, tí ọṣẹ ṣì wà lójú ẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ débi pé kó tó dìde lórí àga ló ti mọ irú ẹni tó dé. Ará Jámánì: kó, kó, kó. Mẹ́ta péré, ó ti parí, wọ́n á wá dúró bí òpó. Ará Amẹ́ríkà: gbà-gbà-gbà-gbà! "Ẹ ǹ lẹ́ o! Ṣé èèyàn wà nílé? Háà, ẹ wo ilẹ̀kùn yìí bó ṣe rẹwà! Ibí ni bàbá ìyá-ìyá mi ti wá o!" Ará Dublin ò tiẹ̀ ní kàn án. Wọ́n á kàn máa yọjú lójú fèrèsé bí ẹni tó fẹ́ ra ilé náà.

Attracta á mú kọ́kọ́rọ́, á nà án sí wọn, á ní, "Ẹ dá a padà sọ́wọ́ mi. Kì í ṣe abẹ́ ìkòkò òdòdó, kì í ṣe orí ògiri. Ọwọ́ mi." Lẹ́yìn náà á fi imú sọ pé "hún!", ó parí. Ọ̀rọ̀ ìdágbére ẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tí kò mọ "hún" Attracta ní Kilfannan.

Ìdílé Gilboy ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yìí látìgbà tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni Attracta nígbà tí ìyá ẹ̀ gbé e lé e lọ́wọ́ lórí ibùsùn ikú. Ó ti pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin báyìí. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Ọkùnrin kan wà nígbà kan, ọmọ oníbúrẹ́dì, ó ní kí àwọn jọ lọ sí Boston. Attracta wo ọkùnrin, ó wo ìṣó, ó ní, "Ta ló máa wá ṣí géètì?" Ọkùnrin wọ bàálù lọ. Ó fi káàdì Kérésì ránṣẹ́ lọ́dún méjì, ó sì panu mọ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà lọ́dún tí Attracta máa ń gbàgbé Boston pátápátá. Ọjọ́ Fannan ni, ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù keje. Tí aago bá lu méjìlá, gbogbo ìlú á ti dúró lẹ́nu géètì, àwọn ọmọ nínú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn bàbá tí wọ́n fi omi tẹ irun mọ́lẹ̀. Attracta á jáde nílé ẹ̀ nínú kóòtù aláwọ̀ ewé, á gbé kọ́kọ́rọ́ síwájú àyà bí ọmọ tuntun. Fadá gan-an á yà fún un. Á ṣí géètì, á kọ́kọ́ wọlé, gbogbo ìlú á tẹ̀ lé e, wọ́n á yí kànga po lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú rosárì lọ́wọ́. Bí oòrùn ṣe ń rìn ni wọ́n ṣe ń yí i: kànga á wà lápá ọ̀tún ẹ títí o fi máa parí. Ẹni tó bá yí i sódì, èpè ló ń ṣẹ́, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Láyé àwọn bàbá ńlá wọn, ọkùnrin kan tí onílẹ̀ lé jáde nínú ilé mọ̀ọ́mọ̀ yí i sódì. Wọ́n ní láàárín ọ̀sẹ̀ kan ẹnu onílẹ̀ náà lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bó ṣe ń mu ọbẹ̀ ni ọbẹ̀ ń dà sí i láyà, títí tó fi kú. Kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn ṣeré ní Kilfannan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí Dympna.

Dympna Hession àti Attracta, ọjọ́ kan náà ni wọ́n gba kọmúníọ̀n àkọ́kọ́, bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jókòó sí nílé ìwé, bùláálà kan náà ló nà wọ́n. Opó ni Dympna, ó ń ṣe kéèkì fún òtẹ́ẹ̀lì. Tí aago mẹ́rin bá ti lù lójoojúmọ́, ilé ìdáná Attracta lo ti máa rí i, pẹ̀lú tíì àti búrẹ́dì aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi jáàmù rúbáàbù pa. Òun nìkan ni kì í kan ilẹ̀kùn. Ó kàn máa ń wọlé ni, á ní, "Òjò yìí á pa wá, ìwọ ẹ̀dá Ọlọ́run!" Kò sí ọ̀rọ̀ tí Dympna kì í fi ìyẹn kún. "Ṣúgà ti tán, ìwọ ẹ̀dá Ọlọ́run." "Màlúù Packie Joe ti bí ìbejì, ìwọ ẹ̀dá Ọlọ́run."

Ilé ìdáná yẹn ni Attracta ti máa ń ṣe ohun tí kì í ṣe lójú ẹlòmíì. Ó máa ń sín èèyàn jẹ. Gbogbo ìlú ló wà lẹ́nu ẹ̀. Á fi síbí sábẹ́ imú, á di bíṣọ́ọ̀bù. Á fa ìgbànú sókè dé àyà, á di Fintan Gormley tó ni òtẹ́ẹ̀lì, tó ń fi imú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òtútù mú látìgbà tí wọ́n ti bí i: "Nnní ti ìdàgbàsókè ìlú wa, nnní tèmi o..." Dympna á rẹ́rìn-ín títí tíì á fi gba imú ẹ̀ jáde. "Dákun, ó tó, mo ti tọ̀ sára tán, ìwọ ẹ̀dá Ọlọ́run!"

Nínú oṣù kẹrin ni Dympna wọlé lọ́jọ́ kan tí kò jókòó.

Ó ní, "Attracta, yá mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Fún kí ni? Ṣé o lálejò ni?"

"Kọmití Fintan ló fẹ́ ya fọ́tò ẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi sínú ìwé pélébé tí wọ́n ń tẹ̀. Ọjọ́ méjì péré."

"Kí wọ́n wá yà á níbí. Ìṣó náà ò burú ní fọ́tò."

"Iná ibí ò dáa, ó ṣókùnkùn. Háà, Attracta, ṣé mo máa jẹ ẹ́ ni? Irin! Eyín mélòó ló kù fún mi?"

Attracta rẹ́rìn-ín. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó, ó fi aṣọ ìnuwọ́ wé e, ó gbé e fún un. "Ọwọ́ mi ni kó padà sí o."

"Ta lò ń sọ fún? Ṣé èmi ni ará Dublin ni?"

Ọjọ́ méjì pé. Dympna ní fọ́tò ò mọ́lẹ̀ dáadáa, wọ́n máa tún un yà. Ọ̀sẹ̀ kan pé. Ó ní ẹni tó ń ya fọ́tò ń ṣòjòjò. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní ipata wà lára ẹ̀, wọ́n gbé e fún ẹnì kan ní Galway kó bá wọn fọ̀ ọ́. Attracta gbà á gbọ́. Ẹni tó ń wọlé ẹ láìkànlẹ̀kùn fún àádọ́ta ọdún, kí ló fẹ́ ṣe sí ẹ? Tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, á ní, "Kọ́kọ́rọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Lóòótọ́, wọ́n ti fi pákó dí géètì pa, wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe nínú ibẹ̀, ilé tuntun ti ń yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Attracta ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì láti òwúrọ̀. Ó rò pé ìgbà tí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á wá kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ní, ìyá, ẹ wá ṣí i.

Nígbà tí oṣù kẹfà bẹ̀rẹ̀, Dympna ò wá ní aago mẹ́rin mọ́. Ó ní iṣẹ́ pọ̀. Attracta ń jẹ búrẹ́dì nìkan.

Lọ́jọ́ Tuesday kan, wọ́n yọ pákó kúrò. Attracta wo òdìkejì ọ̀nà, ó rí géètì tuntun, dúdú, tó ń dán. Kò sí ihò kọ́kọ́rọ́ kankan lára ẹ̀. Àpótí kékeré kan tó ní iná àwọ̀ ewé ló wà níbi tí ihò yẹ kó wà. Obìnrin kan fi káàdì kàn án, ó dún "píìn!", géètì ṣí fúnra ẹ̀ bí ẹnu àgbà tó ń sùn.

Attracta wọ kóòtù, ó sọdá. Ọmọbìnrin kan wà nídìí káńtà nínú ilé tuntun náà, Bláthnaid lorúkọ ẹ̀, ó kọ ọ́ sáyà. Àlejò ni ní ìlú.

"Ẹ káàbọ̀ o! Ṣé ẹyọ kan ni?"

"Ẹyọ kí ni?"

"Tíkẹ́ẹ̀tì, mà. Tíkẹ́ẹ̀tì àgbà la máa já fún yín. Ṣé ẹ ti dé Kilfannan rí?"

Attracta fi imú sọ pé "hún!" Ọmọ yẹn lanu, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Ẹ ṣe é bíi ti inú ẹ̀rọ gẹ́lẹ́! Ẹ ti gbọ́ ọ rí nìyẹn!"

"Ẹ̀rọ wo?"

Ọmọ náà ti fi nǹkan kì í létí kó tó parí ọ̀rọ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì nàka sí iwájú. Ibi tó nàka sí ni Attracta ti rí i. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Inú àpótí gíláàsì ló wà, lórí aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì pupa, wọ́n tan iná kékeré sí i lórí bí òkú tí wọ́n tẹ́ fún àwọn èèyàn láti wò. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: *Kọ́kọ́rọ́ Attracta Gilboy, ẹni ìkẹyìn tó tọ́jú géètì Fannan Mímọ́.*

Ẹni ìkẹyìn. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fọwọ́ kan àyà ara ẹ̀, bóyá ó ṣì ń lù.

Gòjé òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í dún wìììn-wìììn ní etí ẹ̀, ohùn kan sì jáde. Ohùn obìnrin, ó ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fa korobá jáde nínú kànga, bí ẹni pé gbogbo arúgbó ìlú kékeré ló máa ń sùn lọ láàárín ọ̀rọ̀. "Káààbọ̀ sí Kilfannan, àlejò ọ̀wọ́ọ́n. Èmi ni Attracta. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wààà. Hún! Tẹ nọ́ńbà méjì kí o lè gbọ́ ìyókù."

Obìnrin ará Dublin kan ni wọ́n háyà fún un, Attracta dá ohùn wọn mọ̀. Òun tó ń sín gbogbo ayé jẹ, wọ́n ti wá sín òun náà jẹ, wọn ò sì ṣe é dáadáa. Ó tẹ nọ́ńbà méjì. Ó rò pé Fintan ló ṣe gbogbo èyí, pé Fintan ló tan Dympna jẹ, tó sọ pé fọ́tò ni. Ó ti ń káàánú Dympna gan-an. Ó ń ronú bí òun ṣe máa rọra sọ ọ́ fún un.

Ohùn náà ní, "Lóru ọjọ́ tí ìyá mi kúúú, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn, ṣí i fún un, ìbáà ṣe ọ̀tá ẹ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, má bínú, ọmọ mi, pé mo so ọ́ mọ́ ìṣó yìí."

Attracta fà á yọ létí.

Gbogbo ìlú ló mọ apá àkọ́kọ́, èyí tó sọ nípa ṣíṣí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹkún ìyá ẹ̀, pé ìyá ẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni Attracta sọ ọ́ fún láyé yìí. Dympna ni. Ọdún tí ọkọ Dympna kú ni, nígbà tí Dympna ò lè sùn, tí Attracta ń bá a jókòó. Ó sọ ọ́ fún un kí ó lè mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń sunkún.

Dympna wà nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ó ń to fọ́tò Fannan Mímọ́ sórí pẹpẹ. Wọ́n ti kọ ọ́ sí òun náà láyà: *Dympna, Olùdarí Ìrántí.*

Attracta ní, "Ta ló sọ fún wọn pé ìyá mi sunkún?"

Ojú Dympna kọ́kọ́ funfun, ó wá pọ́n. "Attracta. Mo fẹ́ wá sọ fún ẹ. Mo ti fẹ́ wá láti..."

"Fóònù lo gbé sábẹ́ àpò, tó ń gba ohùn mi sílẹ̀, àbí? Lórí tábìlì mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàmù mi."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbé e síbẹ̀! Èyí tí o ń sín Fintan jẹ, mi ò fún wọn ní yẹn, mo búra! Ti ìyá ẹ, ẹnu ni mo fi sọ ọ́. Wọ́n ní kí ìtàn náà gún ọkàn. Wọ́n ní..."

"Ó gún un."

Dympna ju fọ́tò ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. "Ó dáa, jẹ́ kí n sọ ọ́! Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń tẹ̀ lé ẹ̀yìn ẹ, Attracta. Ọjọ́ Fannan, ìwọ níwájú, èmi lẹ́yìn, mo ń wo ìdí kóòtù aláwọ̀ ewé yẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ pè mí nínú ìlú yìí, 'Dympna, ọ̀rẹ́ Attracta.' Ní yàrá kọmití, Dympna lásán ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n ní èmi ni kí n ṣíwájú lọ́dún yìí. Èmi! Ṣé ó burú ni? O ti ní tìẹ, o ti ní i láti ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ṣebí ìwọ fúnra ẹ lo sọ pé ìṣó yẹn ló ba ayé ẹ jẹ́?"

"Ìwọ ni mo sọ ọ́ fún," Attracta wí. "Mi ò sọ ọ́ fún wọn."

Dympna tẹ̀ ba, ó ń ṣa fọ́tò nílẹ̀, kò sì sọ "ẹ̀dá Ọlọ́run".

Bí Attracta ṣe ń jáde, ọ̀nà tuntun ló gbà, kò sí òmíì. Wọ́n ti fi òkúta pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ mọ́lẹ̀, wọ́n ti kun ọfà funfun síbẹ̀, ọfà kan lẹ́yìn òmíì. O wọ géètì, ọfà ní kó o yà sọ́tùn-ún, ó mú ẹ yí kànga po, ó sì já ẹ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù níbi tí wọ́n ti ń ta ife àti rosárì oníke. Attracta dúró, ó kọjú síbi tí ọfà kọjú sí. Ó wo ọwọ́ ẹ̀ òsì. Kànga wà níbẹ̀. Òsì.

Sódì ni wọ́n kun ún.

Ó rí i kedere bó ṣe ṣẹlẹ̀. Fintan fẹ́ kí gbogbo ẹsẹ̀ jálẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó bi Dympna bóyá ọ̀nà yẹn dáa. Dympna, tí ìdí kóòtù nìkan ló ti ń wò fún àádọ́ta ọdún, ní kò burú. Ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹ̀yìn kì í mọ ìyànà.

Attracta délé, ó jókòó sídìí ìṣó òfìfo. Ó fi imú sọ pé "hún", àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ohùn ẹ̀rọ yẹn ló gbọ́ nínú ẹ̀, kò sì sọ ọ́ mọ́.

Oṣù keje dé. Fadá tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti Cork wá, kan ilẹ̀kùn: tó-tó, rọra, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn aláìsàn.

"Attracta, a fẹ́ gbé àga síwájú fún yín lọ́jọ́ Fannan. Àga ìyẹ́sí. A máa so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn."

"Ríbọ́ọ̀nù. Ta ló máa ṣíwájú, Fadá?"

Ó wo bàtà ara ẹ̀. "Kọmití ní Dympna ni."

"Àwọn ọfà ńkọ́, ṣé ẹ ti wò wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Wọ́n dáa gan-an. Kò sẹ́ni tó máa sọnù mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n Attracta. Ó gbé e mì. "Màá wá jókòó," ló sọ. Nínú ọkàn ẹ̀, ó ní, ẹ jẹ́ kí wọ́n rìn. Ẹ jẹ́ kí Dympna kó gbogbo wọn, Fintan àti káàdì píìn ẹ̀, kí wọ́n ṣẹ́ èpè lẹ́ẹ̀mẹta sórí ara wọn. Mi ò ní dá sí i.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, òjò wínníwínní ń rọ̀. Attracta jókòó sórí àga oníríbọ́ọ̀nù nínú kóòtù aláwọ̀ ewé, ọwọ́ ẹ̀ ṣófo lórí itan. Fintan di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. "Nnní ọjọ́ ńlá yìí, nnní ìdàgbàsókè..." Aago lu méjìlá. Bláthnaid fi káàdì kan géètì. Píìn! Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Dympna wọlé níwájú, ó ra kóòtù tuntun, ó gbé orí sókè, ó sì yà sọ́tùn-ún.

Àwọn àgbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ fà sẹ́yìn díẹ̀. Packie Joe Durkan, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin tó ń fi ọ̀pá méjì rìn, dúró, ó wo ọfà, ó wo kànga, ó wo Attracta. Attracta wo ojú ọ̀run. Packie Joe mi orí, ó tẹ̀ lé èrò. Kí ló fẹ́ ṣe? Fadá wà níwájú, wọ́n ti kun ọ̀nà.

Attracta ń wò wọ́n. Inú ẹ̀ dùn, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Ìdùn inú náà korò bí tíì tó ti pẹ́ nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n ó dùn. Ìgbà yẹn ló rí ọmọ-ọmọ Packie Joe. Oyún inú ẹ̀ ti yọ jáde bí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ kan lé e, ó ń fi ọwọ́ kejì ka rosárì. Oyún méjì ti bà jẹ́ lára ẹ̀ rí. Nítorí oyún yìí ló ṣe wá. Ó sì ń yà sọ́tùn-ún.

Attracta dìde. Kò pariwo. Kò gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ Fintan. Ó wọ géètì, ó yà sósì, ó tẹ ọfà àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ lórí, ó ń bọ̀ wá pàdé wọn.

Níbi tí ọ̀nà ti há lẹ́yìn kànga ló ti ko Dympna lójú.

"Attracta, ọ̀nà ibẹ̀ kọ́ nìyẹn," Dympna sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wo ọfà."

"Ọwọ́ wo ni kànga wà sí ẹ, Dympna?"

Dympna wo ọwọ́ ẹ̀ bí ọmọ tí tíṣà bi léèrè. Ó wo kànga. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ojú ẹ̀ sá lọ. Ṣùgbọ́n Fintan ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń sọ pé "Nnní kí ló dí wa lọ́wọ́?", Dympna sì gbé ẹsẹ̀, ó ń lọ. Ó mọ̀ báyìí, ó sì ń lọ.

Attracta dé ọ̀dọ̀ olóyún náà, ó dì í lápá mú, ó yí i padà jẹ́jẹ́ bí ẹni yí àkàrà nínú epo. "Ibí, ọmọ mi. Kànga sọ́wọ́ ọ̀tún."

Packie Joe la ohùn. "Ẹ rí i? Ẹ rí i? Mo mọ̀! Mo ní kí n sọ ọ́! Ẹ yíjú padà, ẹ̀yin aláìníronú, àbí ẹ fẹ́ kí ẹnu yín lọ́ ni?"

Bí wọ́n ṣe pàdé lẹ́ẹ̀kejì, ìdajì ìlú ti wà lẹ́yìn Attracta. Èrò ń lu èrò, agbòjò ń kọ́ agbòjò, ọmọ ń pe ìyá ẹ̀ lódìkejì. Fadá dúró láàárín bí àgùntàn tó rí ọ̀nà méjì, ó wá fò sí ẹ̀gbẹ́ Attracta. Dympna kọjá, ojú ẹ̀ wà nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pàdé lẹ́ẹ̀kẹta, Fintan nìkan ló kù lẹ́yìn Dympna, àti ará Amẹ́ríkà mẹ́ta tí wọ́n ti nǹkan bọ etí, tí wọn ò gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Dympna dúró, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Attracta kọjá lára ẹ̀ bí èèyàn ṣe ń kọjá lára òkúta.

Fintan ní, "Nnní, a máa ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ ọfà yìí." Packie Joe sọ fún un ibi tó lè fi ọfà náà sí.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí òjò ti dá, tí oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run, ilẹ̀kùn Attracta dún. Kó. Ẹyọ kan. Ó sinmi. Kó. Láti ọjọ́ tí Attracta ti ń gbọ́ ìkànlẹ̀kùn, kò gbọ́ irú eléyìí rí. Kò mọ ẹni tó ni ín. Ó dìde, nítorí ohun tí ìyá ẹ̀ sọ, ó ṣí i.

Dympna ni. Òun tí kì í kàn án. Ó gbé nǹkan kan tí wọ́n fi aṣọ ìnuwọ́ wé síwájú àyà.

"Mo yọ ọ́ nínú gíláàsì," ló sọ. "Fintan ò tíì mọ̀. Mo mọ̀ pé kò lè ṣí nǹkan kan mọ́. Mo ní kó padà sọ́wọ́ ẹ ni. Ọwọ́ ẹ, bí o ṣe máa ń wí."

Attracta gbà á. Ó tú aṣọ kúrò, ó lọ sídìí fèrèsé, ó gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó. Ó padà wá sẹ́nu ọ̀nà. Dympna ti gbé ẹsẹ̀ kan, ó ń retí kó yà fún òun. Tíì ń hó lẹ́yìn, òórùn búrẹ́dì gba gbogbo ilé.

Attracta ò yà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé àyà, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó la ẹnu, ohùn obìnrin Dublin yẹn ló sì jáde, gẹ́lẹ́, kò yẹ̀ níbì kan:

"Káààbọ̀ sí Kilfannan, àlejò ọ̀wọ́ọ́n."

Dympna rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ó ti mọ́ ọn lára láti máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu ẹ̀. "Attracta, dákun. Fi ohùn tìẹ bá mi sọ̀rọ̀."

"Èmi ni Attracta. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wààà."

"Bú mi. Gbá mi létí. Attracta, èmi ni, Dympna ni."

"Tẹ nọ́ńbà méjì," Attracta wí, "kí o lè gbọ́ ìyókù."

Ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Ó bu tíì, ó jókòó. Kó tó gbé e dé ẹnu, wọ́n tún kàn án. Kó. Ó gbé ife sílẹ̀, ó dìde, ó ṣí i, nítorí kò sí ohun tí ìyá ẹ̀ sọ nípa iye ìgbà.

"Káààbọ̀ sí Kilfannan," ló sọ fún Dympna, "àlejò ọ̀wọ́ọ́n."